Ọjọ́ Tí Ọjà Méjèèjì Yóò Pàdé

Òtítọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtàn àtinúdá ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ìtàn, kì í pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí mo dá sílẹ̀ nínú ìtàn mi kò sí láyé rí. Ṣùgbọ́n èmi wà, àbúrò mi wà, ìyá wa wà, yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní Okokomaiko sì wà. N kò fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ wọn, n kò sì yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀ àyàfi orúkọ.

Àwa mẹ́ta ni a ń gbé inú yàrá náà tẹ́lẹ̀. Bàbá wa ti di olóògbé láti ìgbà tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ìyá wa ń ta wáyà iná àti gílóòbù ní Alába. Wọ́n máa ń jáde ní ìdájí, wọ́n sì máa ń wọlé nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ti ń dáná oúnjẹ alẹ́. Ní gbogbo àárín àkókò méjèèjì yẹn, àbúrò mi obìnrin ni ẹnì kejì mi. Mo fi ọdún méje jù ú lọ. Èmi ni mo máa ń di irun rẹ̀, èmi ni mo máa ń yẹ iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wò, èmi náà ni ó máa ń fẹjọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sùn, títí mo fi mọ ìwà àwọn ọmọ tí n kò fojú rí rí.

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà, ìyá tí ó bí ìyá wa, yọ̀ ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní ìlú wọn ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kò sí eegun tí ó ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá pọn omi mọ́, wọn kò sì lè rìn dé ilé ìdáná láìdi ògiri mú. Ẹnì kan ní láti lọ gbé pẹ̀lú wọn. Ìyá wa kò lè fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀, nítorí ìsọ̀ náà ni gbogbo wa ń jẹ. Èmi ti wọ kíláàsì àṣekágbá. Ẹni tí ó kù ni ó lọ. Wọ́n ní sáà ẹ̀kọ́ kan péré ni. Nígbà tí sáà náà parí, ẹsẹ̀ ìyá àgbà kò tíì mókun, wọ́n sì wá ilé-ìwé fún àbúrò mi níbẹ̀.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yàrá kékeré lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ti ilé-ìwé bọ̀ láti Ìbà, mo máa ń gba Ìyànà Ìbà kọjá láàárín àwọn tí ń pe ọjà àti àwọn tí ń pe èrò ọkọ̀, mo sì máa ń ṣílẹ̀kùn bá ìdákẹ́jẹ́ nínú ilé. Kì í ṣe pé kò sí ariwo. Ariwo kì í tán ní Okokomaiko. Jẹnẹrétọ̀ ń hó ní ojúlé kejì, àwọn ará Ẹ̀gùn tí ó wà ní yàrá ọ̀tún ń fi èdè wọn pa ara wọn lẹ́rìn-ín, ọmọ ẹnì kan ń sunkún, ìyá rẹ̀ ń bá a wí lédè Ìgbò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo náà, kò sí èyí tí ń pè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí í ṣe ti àbúrò mi, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tèmi ni ó ṣófo. Ó rọrùn díẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá wa ra fóònù àlòkù kan ní Alába, wọ́n sì fi rán awakọ̀ sí ìyá àgbà kí a lè máa rí àbúrò mi bá sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹkún ni ó máa ń sun. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ewúrẹ́ ìyá àgbà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ń kánjú.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n máa lọ, wọ́n ń pè mí níta."

"Ta ni ó ń pè ọ́?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ ò mọ̀ wọ́n."

Inú mi dùn pé ó ti ní ọ̀rẹ́. Mo fi fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó. Gbólóhùn kékeré yẹn, pé n kò mọ̀ wọ́n, kò kúrò lọ́kàn mi títí ìyá wa fi dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí ń bà mí lẹ́rù: àbúrò mi yóò máa dàgbà lọ níbẹ̀, yóò sì dé ọjọ́ kan tí kò ní í ní ohunkóhun láti bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú iṣẹ́" lọ.

Èsì ìdánwò rẹ̀ ni ó fún mi ní ọgbọ́n kan. Ìyá àgbà ní kí ẹnì kan ka káàdì ilé-ìwé rẹ̀ fún ìyá wa lórí fóònù: ó ṣe dáadáa nínú gbogbo rẹ̀, àyàfi ìṣirò tí ó ti fìdí rẹmi. Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n inú mi tún dùn díẹ̀ lábẹ́lẹ̀, nítorí pé ìṣirò ni ohun kan ṣoṣo tí kò lè dá ṣe láìsí mi. Àbúrò mi kórìíra ìṣirò. Ní ìdàkejì, kò sí ohun tí kò lè fi sílẹ̀ nítorí ìtàn ayé àtijọ́. Bí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nípa ogun, nípa ìlú tí ó tú, nípa ọ̀nà inú igbó, ó ti jókòó nìyẹn. Mo wá pinnu pé n ó kọ ìtàn kan fún un, ìtàn ayé àtijọ́ tí ìṣirò yóò wà nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá yanjú ìṣirò náà kò ní í mọ ohun tí ó kàn. Bí ó bá ń fẹ́ mọ ohun tí ó kàn, yóò máa pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò ó.

Mo fi ojú ìwé àkọ́kọ́ han àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì ní àkókò ìsinmi. Mo rò pé wọn yóò bi mí bí ìtàn náà yóò ṣe parí.

"Ìtàn tó ń fúnni ní ìdánwò!" ni èkíní wí. "Ìwọ náà wò ó. Ẹni tó bá ti ń sá fún tíṣà ìṣirò, inú ìwé ìtàn ló tún máa lọ bá a."

Èkejì ní, "Tí mi ò bá mọ ìdáhùn ńkọ́? Ṣé ọmọ yẹn máa dúró sínú igbó títí láé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ká ìwé mi. N kò fi han ẹnikẹ́ni mọ́ ní ilé-ìwé. Olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní àròkọ nìkan ni ó tún rí i, wọ́n sì gbà mí níyànjú pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ nípa ayé àtijọ́ gbọ́dọ̀ máa wo ọwọ́ àwọn ènìyàn inú ìtàn rẹ̀: kí ni wọ́n mú dání, kí ni wọ́n fi ń bu omi, kí ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ sùn. Mo padà sílé, mo sì rí i pé mo ti fi kẹ́ẹ̀gì lé ọmọ inú ìtàn mi lọ́wọ́ ní odò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi akèrègbè rọ́pò. Mo tún rí i pé mo ti wọ bàtà fún un. Mo bọ́ ọ. Ojú tì mí díẹ̀ bí mo ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ tí ó ní ọ̀nà jíjìn láti rìn.

Báyìí ni ìtàn náà lọ. Ogun tú ìlú kan. Ọmọ ìyá méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, sá àsálà, wọ́n sì pín níyà nínú òkùnkùn. Ẹ̀gbọ́n bá ara rẹ̀ ní ìlú kan ní ìhà ìhín odò, níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà ní ọrọọrún, ní ọjọ́ kárùn-ún kárùn-ún. Àbúrò bá ara rẹ̀ ní ìlú kejì ní ìhà ọ̀hún odò, níbi tí ọjà jẹ́ ọjà ìsán, èyí tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ kẹsàn-án kẹsàn-án. Àwọn tí ń jí ènìyàn gbé ń ṣọ́ ọ̀nà tí ó so ìlú méjèèjì pọ̀, ọmọdé kan kò sì lè dá gbà á. Arìnrìn-àjò kan ni ó mú ìròyìn kọjá láàárín wọn, ó sì bá wọn dá àdéhùn: ní ọjọ́ tí ọjà ìlú méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà, èrò yóò kún ọ̀nà láti ìhà méjèèjì, kí oníkálukú wọn bá èrò ìhà tirẹ̀ rìn dé bèbè odò. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti pàdé. Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ ni pé wọ́n ní láti mọ ọjọ́ náà ṣáájú, nítorí pé bí ẹnì kan bá dé odò, tí ẹnì kejì kò dé, àdéhùn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ní ọjà ọrọọrún ti ẹ̀gbọ́n bọ́ sí òní, ọjà ìsán ti àbúrò sì ti bọ́ sí àná. Lẹ́yìn náà, mo ní kí olùgbọ́ mi fa ìlà méjì sínú ìwé rẹ̀, kí ó máa ka ọjọ́ láti òní lọ. Ní ìlà òkè, ọjà ẹ̀gbọ́n: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìlà ìsàlẹ̀, ọjà àbúrò: mẹ́jọ, mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí nọ́ńbà kan náà bá ti jáde ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọjọ́ ìpàdé wà. Mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀, mo sì mọ ibi tí ó ń lọ: ọjọ́ kẹ́rìndínlógójì bí a bá ka òní mọ́ ọn, tàbí ọjọ́ márùndínlógójì bí a kò bá kà á. N kò ronú nípa ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kíka òní àti àìkà á. Ìyàtọ̀ náà kò jọ ohun tí ó tó nǹkan. Inú mi dùn pé ìdúró náà pẹ́ tó láti gba orí púpọ̀: ebi, òjò, ìbà, ẹni tí ó parọ́ pé òun rí àbúrò, ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ẹ̀ gbàgbé ojú rẹ̀.

Mo ń ka orí kọ̀ọ̀kan sínú fóònù, mo sì ń fi ránṣẹ́. Kò rọrùn láti rí ibi tí ó pa rọ́rọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú yàrá, ẹ̀rọ ìlọta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀, ó sì kí mi. Nígbẹ̀yìn, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ tán ní òpin àdúgbò wa, mo kọjú sí ògiri, mo sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àbúrò mi fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ padà ní ọjọ́ kejì.

"Àǹtí mi, ó dùn o! Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ yẹn ti ń sá nínú igbó, mo gbọ́ ẹnì kan tó ń pè é pé, 'Ijanikin! Ijanikin! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!' Ṣé wọ́n ti ní kọ̀ńdọ́kítọ̀ nígbà ogun ni? Kí ló dé tí kò wọkọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn ilé náà fún ìgbà pípẹ́. Mo tún tẹ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe nítorí àwàdà náà, bí kò ṣe nítorí pé mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bí ó ṣe máa ń rí kí ó tó lọ, èyí tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú.

Láti ìgbà náà, ó ń pè mí. Kì í ṣe ìyá àgbà ni ó ń rán an mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè fóònù. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣe ìkíni: "Ṣé wọ́n ti pàdé?" N ó ní kí ó wo ìlà rẹ̀. Yóò ní, "Mo ti wò ó, wọn ò tíì pàdé." N ó ní kí ó máa kà á lọ. Nínú oṣù yẹn, yàrá wa kò fẹ̀ mọ́ bí i ti tẹ́lẹ̀. Mo ń dáná, mo ń ronú nípa orí tí ó kàn. Mo ń rìn bọ̀ láti Ìbà, mo ń tún gbólóhùn kan ṣe lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni ìpè kan dé tí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè.

"Àǹtí mi, irọ́ ni ìtàn yín."

Mo bi í pé irọ́ wo.

"Ọjà ọrọọrún. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ná an. Ọrọọrún ni ọjà tiwa níbí, ìyá àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. A lọ ní Mọ́ńdè. A tún lọ ní Fúráìdè. Tí ẹ bá kúrò ní Mọ́ńdè, tí ẹ fo ọjọ́ márùn-ún, Sátidé lẹ máa dé. Kò sí ẹnì kankan lọ́jà ní Sátidé. Èmi fúnra mi lọ wò ó. Ewúrẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀."

Mo ní kí ó dúró. Mo ka ọjọ́ náà lórí ìka ọwọ́ mi: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ márùn-ún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ka ọjọ́ tí wọ́n dúró lé mọ́ ọn. Ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ ni oókan. Èmi tí ilé-ìwé ti kọ́ láti máa bẹ̀rẹ̀ láti òfo, mo ti fo ọjọ́ márùn-ún gbáko. Ohun tí ó ṣe mí ní kàyéfì ni pé gbogbo ìgbà ni èmi náà ń kà á bí ti àwọn àgbà láìmọ̀. Bí mo bá sọ pé ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìjẹta, mo ti ka òní, mo ti ka àná, mo sì ti ka ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé bírò láti kọ̀wé nípa àwọn baba ńlá wa, kíkà tí ó wà lẹ́nu mi kò tẹ̀lé mi dé inú ìwé.

Mo yin àbúrò mi, mo sì sọ fún un pé n ó tún un ṣe. Kò jọ iṣẹ́ ńlá. Ọrún kì í fo márùn-ún, mẹ́rin ni ó ń fò. Ìsán kì í fo mẹ́sàn-án, mẹ́jọ ni ó ń fò. Mo jókòó ní ẹnu ọ̀nà yàrá wa, mo sì fa ìlà méjì tuntun. Ìlà òkè: mẹ́rin, mẹ́jọ, méjìlá, mẹ́rìndínlógún, ogún. Ìlà ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àná: méje, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́tàlélógún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo kà á kọjá ibi tí ó ti yẹ kí wọ́n pàdé nínú ìtàn mi. Mo kà á dé ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo dáwọ́ dúró, nítorí mo ti rí i. Gbogbo nọ́ńbà ti òkè ni a lè pín sí ọ̀nà méjì dọ́gba. Kò sí ẹyọ kan nínú ti ìsàlẹ̀ tí a lè pín bẹ́ẹ̀. Bí mo tilẹ̀ kà á dé ọ̀kẹ́ àìmọye, wọn kò ní í pàdé. Kì í ṣe pé wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó pàdé. Wọn kò ní í pàdé láéláé.

Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè sọ pé kí n yí i padà: kí n ní ọjà méjèèjì jọ bọ́ sí òní. Mo gbìyànjú rẹ̀. Nígbà náà, gbogbo ìsán ni wọn yóò máa pàdé, kò sì sí ìtàn kankan mọ́, nítorí kò sí ìdúró. Yálà kí wọ́n máa ríra ní gbogbo ìgbà, tàbí kí wọ́n má ríra mọ́. Nínú ayé tí àwọn ènìyàn náà gbé ní tòótọ́, ìṣirò kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó pínyà, tí yóò sì padà pàdé lọ́jọ́ kan. Àṣìṣe mi ni ó ti ń fún wọn ní ìrètí.

N kò lè fi èyí ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó pè, ó ní, "Ṣé ẹ ti tún un ṣe?" Mo ní kò tíì parí. Ó tún pè, mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé pọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ó yá, ìyá wa ni ó pè bá sọ̀rọ̀, kò sì béèrè mi. Mo wà nínú yàrá náà, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tín-ín-rín láti inú fóònù wọn, ó ń sọ pé ewúrẹ́ náà ti tún lóyún. Ìyá wa ní, "Ṣé kí n fún Àǹtí ẹ?" Mo gbọ́ ọ tí ó ní, "Kò burú, Mọ́mì, ẹ bá mi kí wọn." Ó ní kí wọ́n bá òun kí mi, bí ẹni pé mo wà ní òkè òkun.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí ìyá wa tètè ti Alába dé, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń wo ìlà méjì náà.

"Tíṣà ìṣirò," ni wọ́n wí, "kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí? Ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tó kú, Mọ́mì. Àwọn ọmọ inú ìtàn mi ni kò lè pàdé mọ́."

Wọ́n gbé báàgì wọn kalẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ní kí n sọ ọ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ogun, odò, ọjà ọrọọrún, ọjà ìsán, àdéhùn, ìlà òkè, ìlà ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló sọ fún ẹ pé ìlú méjì tó múlé ti ara wọn máa ń ná ọjà lọ́jọ́ kan náà? Ṣé wọ́n fẹ́ jà ni? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí tiwa bá jẹ́ òní, ti òdìkejì odò á jẹ́ ọ̀la. Tí a bá pa àtẹ níbí, a ó di ẹrù, a ó lọ sọ́dọ̀ wọn. Àwọn náà á tẹ̀lé wa bọ̀ nígbà tó bá tún kan tiwa. Tí ọjà méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan, ta ló máa ra ọjà lọ́wọ́ ta ni? Kálukú á jókòó ti àtẹ ẹ̀. Wọn ò ní fojú kan ara wọn."

Mo ní, "Ẹ ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ọjà má baà pàdé?"

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Tí mi ò bá tẹ̀lé wọn lọ sí òdìkejì odò, níbo ni mo ti fẹ́ rí bàbá ẹ? Bàtà rọ́bà ni wọ́n ń tà, wọn ò sì mọ̀ ọ́n tà rárá. Mo dúró níbẹ̀ títí, mo ń bá wọn pe oníbàárà."

Wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa bàbá wa. Mo wo ìlà méjèèjì, mo sì rí i pé mo ti ń wá ohun tí kò yẹ kí n wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wá ọjọ́ tí nọ́ńbà méjèèjì yóò dọ́gba, kí oníkálukú wọn lè rìn ní ìdajì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í kún ní ọjọ́ tí nọ́ńbà bá dọ́gba. Ó ń kún láàárín ọjà kan àti èkejì, nígbà tí gbogbo èrò ìhà kan bá dìde lọ sí ìhà kejì. Kò yẹ kí wọ́n dúró de ọjọ́ kankan. Ní gbogbo ìsán ni ọ̀nà ń ṣí fún wọn. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni pé kí ẹnì kan fi ibùjókòó rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì rin gbogbo ọ̀nà náà lọ bá ẹnì kejì.

Mo kọ orí tuntun náà ní ọjọ́ Àìkú, mo sì kà á ní ẹ̀yìn ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán. Mo jẹ́ kí arìnrìn-àjò náà padà wá sọ fún àwọn ọmọ náà pé òun ti ṣi ọjọ́ kà, pé àdéhùn ti yí padà. Mo ní kí àbúrò mi fa ìlà tuntun, kí ó sì sọ fún mi ọjọ́ tí ọ̀nà yóò kún. Mo fi ránṣẹ́. N kò mọ̀ bóyá yóò gbọ́ ọ. Ọjọ́ Ajé kọjá. Mo rìn bọ̀ láti Ìbà láìtún gbólóhùn kankan ṣe.

Ó pè ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí n tó bọ́ aṣọ ilé-ìwé.

"Àǹtí mi, mo ti rí i! Tí ọjà ìsán bá jẹ́ ọjọ́ keje, ọrọọrún á jẹ́ ọjọ́ kẹjọ. Ní kẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀nà máa ń kún!"

Mo ní, "O gbà á!" Mo pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin Ẹ̀gùn tí ó wà ní yàrá ọ̀tún fi yọjú.

"Ó dáa," ni ó wí, "ta ló wá máa lọ?"

"Báwo?"

"Nínú àwọn méjèèjì. Ẹ ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ kúrò nílé. Ta ni?"

Mo sọ fún un pé n ó ṣírò rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, kì í ṣe ìṣirò nìyẹn." Mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń béèrè pé ta ni ó ń lọ síbo, pé ta ni yóò pọn omi. Nígbà tí ìyá wa dé, mo bi wọ́n ní ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe bi mí, mo sì sọ pé ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Wọ́n wò mí, wọ́n wo báàgì wáyà tí ó wà lẹ́sẹ̀ wọn àti ìwé ìdánwò àṣekágbá tí mo ṣí sílẹ̀ lórí ibùsùn, wọ́n sì ní kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ jẹun. Wọ́n jẹun tán, wọn kò tíì sọ ohunkóhun títí di òní.

Orí tí ó kẹ́yìn kò tíì ní àkọlé. Mo ti kọ ọ̀nà náà, mo ti kọ odò náà, mo ti fi èrò kún un láti ìhà kan dé èkejì, àwọn ọmọ ìyá méjì náà sì ti wà ní ìdúró, oníkálukú ní ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n fi í sí. Èwo nínú wọn ni yóò gbéra?